Open Camera: áàpù ọ̀fẹ́ tó ń fi ìlà hàn wá kí a tó ya fọ́tò

Ẹ wo fọ́tò ìnáwó tí wọ́n ń gbé sórí Facebook láti Kàbà títí dé Ìsánlú ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ ó rí i pé fóònù kọ́ ló ń dà wá láàmú. Fóònù tí kò wọ́n rárá lóde òní ń mú àwòrán mímọ́. Ibi tí wọ́n gbé èèyàn sí nínú àwòrán ni wàhálà wà: ìyá àgbà dúró sí àárín gbùngbùn, ojú sánmà gba ìdajì òkè, wọ́n ti gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, òpó iná sì hù jáde láti inú gèlè rẹ̀. Open Camera tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ojú ọnà. Ohun tó lè ṣe ni kó fa ìlà sójú fóònù kí ọwọ́ tó kan bọ́tìnnì, kí olúwarẹ̀ lè rí àléébù náà nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.

Ọ̀fẹ́ ni. Mark Harman ló kọ ọ́, ó ti wà láti 2013, fóònù Android ló sì wà fún. Kò sí ìpolówó nínú áàpù náà. Ẹ lè gbà á láti orí Google Play, ó sì wà lórí F-Droid fún ẹni tí kò bá fẹ́ bá Google da nǹkan pọ̀. Ẹni tó ń wá ohun ìkunra kò ní rí i níbí o: kò ní bó yín láwọ̀, kò ní fi etí ológbò sí yín lórí. Kámẹ́rà lásán ni, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó bá fóònù wá lọ.

Gíríìdì, ìyẹn àwọn ìlà náà, ni ẹ máa kọ́kọ́ tàn. Nínú Settings, níbi tí wọ́n kọ Grid sí, oríṣi rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ju mẹ́fà lọ. Ẹ mú 3x3. Ó ń pín ojú fóònù sí mẹ́ta lóòró, mẹ́ta ní ìbú, ojú ibi tí àwọn ìlà náà ti pàdé sì jẹ́ mẹ́rin. Òfin ìdá mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ ń pè nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí àwọn oníkámẹ́rà hùmọ̀: John Thomas Smith, ayàwòrán ará Lọ́ńdọ̀nù, ti sọ ọ́ lórúkọ ní 1797, nígbà tí fọ́tò kò tíì dáyé.

Bí ẹ bá ń ya èèyàn láti ìbàdí sókè, tí fóònù wà lóòró, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ méjèèjì bọ́ sórí ìlà òkè. Àlàfo tó wà lókè orí kò ní pọ̀ jù nígbà náà. Gèlè tiwa kì í ṣe kékeré ṣá; bí onítọ̀hún bá wé e sókè gan-an, ẹ sún ojú wá sí ìsàlẹ̀ ìlà náà díẹ̀, nítorí gèlè tó kan etí àwòrán burú ju òfin tí a rú lọ. Bó bá ń wo apá ọ̀tún àwòrán, orí ìlà òsì ni kí ẹ gbé e sí, kí àyè wà níwájú rẹ̀. Àyè tó wà lẹ́yìn ìpàkọ́ kò wúlò fún nǹkan kan. Èyí tó wà níwájú ojú ló ń mú kí ẹni tó ń wo fọ́tò fẹ́ mọ ohun tí ẹni yẹn ń wò.

Fún odindi èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ gbàgbé ìlà òkè. Kí àyè wà lókè gèlè, kí àyè wà lábẹ́ bàtà, ó parí. Bí ẹ bá sì máa gé èèyàn, ẹ má gé e ní oríkèé: ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, ọrùn ọwọ́. Ẹ gé e ní ìbàdí tàbí ní àárín itan. Ẹsẹ̀ tí àwòrán gé ní oríkèé máa ń dà bíi pé ó ti já dànù, ẹni tó sanwó á sì rí i kí ó tó rí aṣọ rẹ̀.

Ìlà méjì tó dábùú náà ló tún ń yanjú ọ̀rọ̀ ojú sánmà. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ti sọ ojú ọ̀run di funfun bí ẹ̀fun, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wò níbẹ̀. Ẹ gbé ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run sórí ìlà òkè, kí ilẹ̀ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nígbà òjò, tí ìkùukùu dúdú ṣú bo òkè, ẹ gbé e sórí ìlà ìsàlẹ̀. Ohun tí kò dáa ni àárín méjì, tí ilẹ̀ àti ọ̀run á máa du àwòrán mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àfi ibi tí omi bá ti gbé òjìji jáde, bí odò tó dákẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Níbẹ̀, àárín gan-an ló yẹ.

Nínú gíríìdì tó kù, crosshair wúlò. Ìlà kan lóòró, ìkan ní ìbú, wọ́n pàdé láàárín. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ààfin, tọkọtaya tó ń bọ̀ láti ibi pẹpẹ, gbogbo ohun tí apá ọ̀tún rẹ̀ bá apá òsì mu, àárín ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n àárín ni kó jẹ́ lóòótọ́: bí ẹ bá fi ìṣísẹ̀ kan péré yẹ̀, ọ̀tún á tóbi ju òsì, àwòrán á sì dà bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò lè ṣe. Diagonals, ìlà tó ti igun lọ sí igun, náà dáa fún oko. Ìlà ebè iṣu tí a yà láti òkè máa ń rí gbàrùgbàrù. Ẹ lóṣòó, kí fóònù wà ní ìwọ̀n orúnkún, kí ìlà ebè kan bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀ àwòrán, ojú á sì tẹ̀ lé e lọ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń roko lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ìlà ebè náà bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìsàlẹ̀, ó máa ń pín àwòrán sí méjì.

Èyí tí wọ́n ń pè ní phi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ìlà rẹ̀ wà ní ìdá 38 àti ìdá 62 nínú 100 dípò 33 àti 67. Lójú fóònù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7, ìyàtọ̀ náà kò ju mìlímítà 3 àti díẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ju ìyẹn lọ. Golden spiral, èyí tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, rẹwà lójú, àmọ́ ẹni tó bá ń wá ibi tí ìlà náà lọ́ sí nígbà tí ìyàwó ń jó wọlé máa rí ẹ̀yìn ìyàwó yà.

Àmì ìtẹ́jú tún wà, tó ń sọ iye dígírì tí fóònù fi tẹ̀. Bó bá ti tẹ́ dọ́gba, ìlà rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ ní dígírì méjì péré ti tó láti mú kí àwòrán dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àmì yìí máa wà lójú fóònù nígbà gbogbo. Kì í gba àyè.

Ṣùgbọ́n ẹ má tan Auto-level, èyí tó ń tún àwòrán tó tẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀: ṣe ló ń yí àwòrán, lẹ́yìn náà ó gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yọ síta dànù. Bí ẹ bá fi dígírì 5 tẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kí ìrísí 4:3 (gígùn mẹ́rin sí ìbú mẹ́ta) dúró bó ṣe wà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló máa lọ. Àwòrán 12MP (MP ni mẹ́gápíkísẹ́lì, ìwọ̀n iye ẹ̀kán tó para pọ̀ di àwòrán) á di bíi 9.7MP, ó tún ń jẹ́ kí fóònù fà. Ẹ kúkú tọ́ ọwọ́ yín.

Bí a bá ní kí a mú ohun kan ṣoṣo nínú áàpù yìí, kì í tilẹ̀ ṣe gíríìdì. Crop guide ni, àpótí tó ń fi ibi tí pépà máa gé àwòrán dé hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó àti ìjà ti ń jáde láàárín fótógíráfà àti oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Sẹ́ńsọ̀ fóònù púpọ̀ jù lọ, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú kámẹ́rà, jẹ́ 4:3, ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.33 ìbú rẹ̀. Pépà tí sítúdíò fi ń tẹ fọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. 4x6 ínṣì jẹ́ 1.5, 8x12 náà jẹ́ 1.5, 5x7 jẹ́ 1.4, 8x10 sì jẹ́ 1.25. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bá fóònù mu. Nítorí náà, gbogbo fọ́tò tí a fi fóònù yà tí a sì tẹ̀ sórí pépà ni wọ́n ń gé níbì kan, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ ò mọ̀. Lórí 8x10, fọ́tò 4:3 ń pàdánù nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 gígùn rẹ̀. Ìyẹn ṣeé fara dà. Lórí 4x6, ìdá 11 nínú 100 ìbú rẹ̀ ló ń lọ, láti ẹ̀gbẹ́.

Ìjàǹbá tó tóbi ni 16:9. Ọ̀pọ̀ èèyàn yan 16:9 nítorí pé ó kún ojú fóònù, ó sì jọ sinimá. Lákọ̀ọ́kọ́, fóònù ti gé àwòrán náà kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá gbé e lọ tẹ̀ ní 8x10 fún férémù ìyẹ̀wù, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 gígùn rẹ̀ ló máa lọ. Ẹ ro ti ìyá kan tó dúró lóòró, tí ẹ yà á kó kún àwòrán láti orí gèlè dé bàtà. Ìdá 30 yẹn gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Onísítúdíò á béèrè pé, "Gèlè ni kí n gé, àbí ẹsẹ̀?" Bí ẹ bá ní kó má gé nǹkan kan, àlàfo funfun á wà lápá ọ̀tún àti òsì pépà, ìyá á sì tín-ín-rín láàárín bí ẹni tó há sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí Crop guide ń ṣe ni pé ó ń fa àpótí sójú fóònù ní ìwọ̀n pépà tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ fi kámẹ́rà sí 4:3, kó má kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 8x10 ni oníbàárà fẹ́, ẹ yan 1.25, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, ohun tó bá wà lóde ìlà yẹn kò ní dé orí pépà. 5x7, ẹ yan 1.4, 4x6 àti 8x12, ẹ yan 1.5, ìlà náà á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Fún fọ́tò ojú WhatsApp, 1:1. Àpótí náà kì í gé fọ́tò tí fóònù tọ́jú. Gbogbo 4:3 yẹn ṣì wà lódindi, nítorí náà bí oníbàárà bá yí ọkàn padà lọ́la, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ béèrè irú pépà kí ẹ tó ya. Bí oníbàárà kò bá tíì mọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ yí i ká, ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á gba gbogbo ìwọ̀n pépà wọ̀nyí.

Áàpù náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò sí ìlà tó lè sọ fún yín ibi tí ó yẹ kí ẹ dúró sí, bẹ́ẹ̀ ìdúró ló ń pinnu bí nǹkan ṣe máa tóbi sí ara wọn nínú àwòrán. Ní ilẹ̀ Òkun, ara àpáta ni a ti ń rí èyí. Ẹni tó fẹ́ ya àlejò pẹ̀lú àpáta Ògìdì lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún iṣu tuntun máa ń dúró sítòsí àlejò náà, bíi mítà 2, kó lè hàn. Nígbà tó bá wo fọ́tò, àpáta gàgàrà ti di òkìtì kékeré lẹ́yìn èjìká, á sì máa dá fóònù lẹ́bi.

Ẹ sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá kúrò ní mítà 2 lọ sí mítà 4, tí ẹ sì fi súùmù 2x fà á mọ́ra, ìwọ̀n àlejò kò yí padà, ṣùgbọ́n àpáta á fi ìlọ́po méjì tóbi, nítorí pé mítà 2 tí ẹ fi sún sẹ́yìn kò já mọ́ nǹkan kan lójú ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní mítà 6 pẹ̀lú 3x, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Owó tí ẹ máa san fún un ni pé súùmù tí kì í ṣe ti lẹ́ǹsì ń gé àwòrán ni: 2x ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀, 12MP di 3MP, 3x ń fi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án sílẹ̀, 12MP di bíi 1.3MP. 3MP tó fún 4x6, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5x7 kó mọ́ dáadáa. 1.3MP, orí WhatsApp ni kó mọ. 2x ni ẹ máa fi sí, àfi bí fóònù yín bá ní lẹ́ǹsì mìíràn fún ohun tó jìnnà.

Ìmọ̀ kan náà ló ń gba fọ́tò ẹbí là níbi òkú àgbà. Lẹ́ǹsì fóònù fẹ̀, ó sì máa ń na ohun tó bá wà ní etí àwòrán. Ẹni tó dúró ní ìparí ìlà á sanra, orí rẹ̀ á fẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìyàwó ilé tí kò ní gbàgbé. Ẹ má to ogún èèyàn sórí ìlà kan. Ẹ tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta, àwọn àgbà lórí àga níwájú, ẹ sún sẹ́yìn, kí ìdajì òpó gíríìdì ti ọ̀tún àti ìdajì ti òsì ṣófo. Kí fóònù wà ní ìwọ̀n àyà yín, kì í ṣe òkè orí. Láti òkè, ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú á kúrú.

Ẹ̀yìn àwòrán náà, ojú yín ló máa ṣe é. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ fi ojú yí etí àwòrán ká lẹ́ẹ̀kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ike omi, apá ẹni tó ń kọjá, òpó tó jáde lórí. Ìṣísẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń yanjú rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò dára ju inú oòrùn ọ̀sán lọ fún ojú èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá oòrùn ń gba àárín ewé kọjá; ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan ní iwájú orí á fa ojú òǹwòran ju ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Àwọ̀ náà ní ìwúwo. Aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní Bùnú nílẹ̀ Òkun láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá àwòrán lọ, òun ni ojú á kọ́kọ́ bá. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ojú lọ, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́kù sí igun. Wàhálà tó wà nínú pupa ni pé sẹ́ńsọ̀ máa ń tètè kún fún un: iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára aṣọ á parẹ́, á di àbàwọ́n pupa kan ṣoṣo tí kò ní òwú. Open Camera ní histogram, àtẹ kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, tó ń fi pupa, ewé àti búlúù hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìlà pupa bá ti ń gun ògiri apá ọ̀tún àtẹ náà, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ sí -0.7 tàbí -1, títí yóò fi kúrò lára ògiri. Ojú á ṣókùnkùn díẹ̀, ìyẹn ṣeé tún ṣe lẹ́yìn. Òwú tó ti parẹ́ kò ṣeé dá padà.

Ghost image kò gbajúmọ̀, ó sì yẹ kó gbajúmọ̀. Ó ń fi fọ́tò tí ẹ yà kẹ́yìn, tàbí èyí tí ẹ bá yàn, hàn fírífírí lórí èyí tí ẹ fẹ́ yà. Fótógíráfà tó ń ya páásípọ́ọ̀tù gbogbo ọmọ ilé ìwé lè fi to orí ọmọ kan sórí ti ọmọ kejì, kí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tó ń ya gbọ̀ngàn ìlú bó ṣe ń gòkè láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé náà lè fi mọ ibi tó dúró sí lóṣù tó kọjá.

Bọ́tìnnì ohùn ẹ̀gbẹ́ fóònù ló ń ya fọ́tò bí ẹ kò bá yí i padà, ó dáa, ọwọ́ kì í gbọ̀n. Èyí tí ariwo fi ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ pa á lóde ìnáwó. Ìlù kan ṣoṣo, fóònù á ti ya ilẹ̀ ní ogún ìgbà.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Settings rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó ń lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ lè sọnù síbẹ̀, àmì ojú rẹ̀ sì kéré fún àgbàlagbà tó ń lo awò. Lórí fóònù púpọ̀, kò lè lo àtúnṣe alẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù fi sínú kámẹ́rà tirẹ̀, kò sì ní sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì. Fóònù mìíràn tún wà tí kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì kejì tàbí ìkẹta. Fún àìsùn òkú lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, kámẹ́rà tó bá fóònù wá ni kí ẹ lò, ẹ kàn tan gíríìdì tirẹ̀; ọ̀pọ̀ wọn ní 3x3, wọn ò kàn ní Crop guide.

Ẹni tó ń lo iPhone kò lè gbà á. Kó lọ sí Settings, kó wọ Camera, kó tan Grid. Láti iOS 17, Level náà wà níbẹ̀. Ti ìwọ̀n pépà, kó máa fi àyè sílẹ̀ yí i ká.